Ojú Ẹṣin Ọgbà Ọba

Ìpìlẹ̀ ère náà ṣì wà nínú ọgbà tó dojú kọ gbọ̀ngàn ìlú wa, lójú ọ̀nà tó ti Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí. Símẹ́ǹtì onígun mẹ́rin ni, ó ga dé àyà èèyàn, irin tó ti dípẹtà sì yọ lórí rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ẹṣin ti dúró. Àwọn tó ń dúró de mọ́tò máa ń gbé ẹrù lé e. Bí o bá bi wọ́n pé kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní ère ọba lórí ẹṣin ni. Bí o bá tún bi wọ́n pé kí ló dé tí kò sí mọ́, ìdáhùn á di oríṣiríṣi. Àwọn kan ní ààrá ló sán wó o. Àwọn kan ní ẹṣin náà ló fọ́ ọba kan lójú, ni wọ́n ṣe wó o. Èmi kò gba ọ̀kankan nínú ìtàn méjèèjì. Bàbá mi ló mọ ère náà, mo sì wà nílé nígbà tí púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo rí ni n ó kọ gẹ́gẹ́ bí ohun tí mo rí, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni n ó sì pè ní ohun tí wọ́n sọ fún mi. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Nítorí ère yẹn, ó kù díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má kírun sí òkú bàbá mi lára.

Bíríkìlà ni. Nígbà tí owó ń rìn dáadáa nílùú, tí àwọn tó ń gbin tábà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òun ni wọ́n máa ń wá bí wọ́n bá fẹ́ kí ojú ilé wọn ní ẹwà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lára ògiri ju ti ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ, àmọ́ ọmọ rẹ̀ ni mí, kí ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò. Òdòdó ló máa ń ṣe sí ojú fèrèsé, òṣùpá àti ìràwọ̀ sí òkè ilẹ̀kùn. Kò ṣe kìnnìún rí. Nígbà tí ọlọ́là kan ní Òkàká ní kí ó mọ kìnnìún méjì sí ẹnu ọ̀nà òun, ó ní kí ọkùnrin náà lọ bá àwọn ará Ìsẹ́yìn. Ohun tó kọ́ nílé kéú ni pé ẹni tó bá ya ohun ẹlẹ́mìí, Ọlọ́run yóò ní kí ó mí sí i lọ́jọ́ ìkẹyìn kí ó dìde, kò sì ní lè ṣe é.

Ìdí tó fi wá gbà láti mọ ọba lórí ẹṣin, ọ̀nà mẹ́ta ni mo gbà gbọ́ ọ. Ìyá mi ní ọba fúnra rẹ̀ ló pè é, kò sì sí ọmọ ìlú tó ń wo ojú ọba kí ó ní òun kò ṣe. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ìgbéraga ni: ó ti sú u láti máa ṣe òdòdó fún àwọn tí kò mọ òdòdó. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ní ààfáà tó kọ́ òun ní kéú ló wá ọ̀nà rẹ̀. Mo rò pé òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo gbà jù.

Ọ̀nà tí ààfáà àgbà náà wá rèé. Ó ní ojú ni ẹ̀mí ń gbà wọ nǹkan. Ohun tí kò bá lójú, òkúta lásán ni. Nítorí náà, kí bàbá mi mọ ọba náà pẹ̀lú adé ńlá, kí ìlẹ̀kẹ̀ adé bo ojú rẹ̀ pátá. Kí ó sì mọ ẹṣin náà bí ẹṣin ààfin ṣe máa ń wọṣọ lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá, pẹ̀lú wajawaja awọ tó máa ń rọ̀ sílẹ̀ níwájú orí rẹ̀. Kí ó jẹ́ kí wajawaja náà rọ̀ dáadáa. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, Ọlọ́run nìkan ni yóò rí i.

Ẹni tó bá mọ ààfin yóò ti rí i pé nǹkan kan kò tọ̀nà nínú ère náà. Ọba wa kì í dé adé ńlá gun ẹṣin. Láwàní ló máa ń wé lọ sí yídì, gbogbo ìlú á sì rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n adé ńlá dùn mọ́ àwọn ìjòyè, ó dùn mọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó fẹ́ kọ́ ọgbà, ó sì dùn mọ́ ọba. Kò sẹ́ni tó béèrè ohunkóhun. Ohun tó tẹ́ ààfin lọ́rùn náà ló tẹ́ mọ́sálásí lọ́rùn, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gbà pé nítorí tòun ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọgbà náà gan-an ló ti mọ ọ́n, nínú páànù tí wọ́n fi yí i ká. Ó fi irin ṣe egungun rẹ̀, ó fi wáyà tí wọ́n fi ń sé adìẹ mọ́ wé e, kó tó máa lẹ símẹ́ǹtì mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Ìgbẹ́tì fún mábù lílọ̀, wọ́n sì fi lọ́rì gbé e wá lójú ọ̀nà tó burú yẹn. Mábù yìí ló pò mọ́ símẹ́ǹtì tó fi rẹ́ ara ẹṣin náà, ìyẹn ló mú kó funfun tó sì le bí òkúta Ìgbẹ́tì fúnra rẹ̀. Ilé ìwé girama ni mo wà nígbà náà. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́jọ́ kan nígbà ìsinmi, mo sì bá orí ẹṣin náà kí ó tó fi wajawaja sí i. Imú wà níbẹ̀, etí wà, ẹnu wà pẹ̀lú ìjánu. Ibi tó yẹ kí ojú wà dán bí igbá tí wọn kò tíì fín.

Mo ní, “Bàbá, ojú rẹ̀ dà?”

Ó ní, “Rọra sọ̀rọ̀. Gbé oúnjẹ sílẹ̀.”

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ọgbà náà, ìlú dùn. Ọba fọwọ́ pa ọrùn ẹṣin náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ìwọ yìí burú! Ó kù kí ó jẹ koríko.” Bàbá Ìbejì ni wọ́n máa ń pe bàbá mi, nítorí àwọn ìbejì tí ìyá mi bí ṣáájú mi. Wọn kò dàgbà, ṣùgbọ́n orúkọ náà dúró. Mi ò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó ọjọ́ yẹn rí, mi ò sì rí i bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ojú ọba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa èyí pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí níbẹ̀ ni gbogbo irọ́ ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, mo wálé fún Iléyá. Ọba ń gun ẹṣin bọ̀ láti yídì, ìyá mi sì kúnlẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà láìsọ̀rọ̀, bí ó ti máa ń ṣe. Tẹ́lẹ̀, ọba á gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ yẹn, ó kọjá lọ. Ìyá mi kí i sókè, ó sì yíjú síbi tí ìyá mi kò sí. Nígbà náà, wajawaja ẹṣin ọgbà ṣì wà níbi tó wà, kò sẹ́ni tó tíì mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ojú ọba ti ń lọ kí ẹnikẹ́ni tó ní ẹṣin kan kò ríran.

Kí ló fà á? Oko ọba wà létí odò ńlá, níbi tí kòkòrò kéékèèké kan ti máa ń jẹ èèyàn lẹ́sẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ apá ibẹ̀, tí ọjọ́ orí wọn bá ti lọ díẹ̀, ọmọdé ló ń fi ọ̀pá fà wọ́n kiri. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wá sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti wá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà ní kòkòrò yẹn ló ń fa irú ìfọ́jú bẹ́ẹ̀. Ó bá òye mu. Ṣùgbọ́n kò sí dókítà tó yẹ ojú ọba wò níṣojú mi, mi ò sì lè búra.

Mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìtàn nílùú wa, nígbà tí òjò ńlá ọdún kan jẹ́ kí irin inú wajawaja náà dípẹtà, ó wú, apá kan sì já bọ́. Àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí i. “Ẹṣin afọ́jú! Ẹṣin afọ́jú!” Kí ọjà tó ná tán, kò sí ẹni tí kò tíì wá wò ó. Kò sì sí ẹni tó nílò kí wọ́n là á yé òun. Ẹṣin ọba kò lójú, ọba kò ríran mọ́, ẹnì kan ló sì mọ ẹṣin náà.

Mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé ojú ọba ti ń lọ kí wajawaja tó já. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ta ló ń bi ọ́ nípa ìgbà tí wajawaja já? Ṣé kì í ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ọ́n ni kò ti lójú?”  Yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn ni irú àlàyé yẹn: ibi tó wù kí o gbà, inú rẹ̀ náà lo ṣì wà.

Ààfin ránṣẹ́ pé kí bàbá mi wá pẹ̀lú ẹnì kan nínú ilé rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn, nítorí náà èmi ni mo tẹ̀ lé e. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba, mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìjòyè jókòó sí ọ̀tún àti sí òsì.

Olórí ìjòyè ní, “Bàbá Ìbejì, ẹṣin tí o mọ yẹn, ṣé o rántí nǹkan tí o gbàgbé sílé?”

“Mi ò gbàgbé nǹkan kan, bàbá.”

Ìjòyè kejì, ọkùnrin sísanra kan, pàtẹ́wọ́. “Kò gbàgbé! Ṣé ẹ gbọ́? Ó mọ ìrù ẹṣin, ó mọ pátákò, ó tilẹ̀ mọ kinní abẹ́ rẹ̀ kedere, ojú ló wá fi ṣe ìṣúra!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọba kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ní, “Mùsùlùmí ni mí. Ẹ̀sìn mi kò gbà mí láyè láti fojú sí i.”

Ọkùnrin sísanra náà ní, “Kábíyèsí ńkọ́? Ṣé kèfèrí ni wọ́n? Ta ló ń gun ẹṣin lọ sí yídì, ṣé èmi ni?”

Ọba gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, níbo lo wà?”

Bàbá mi wà nílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, kò jìnnà ju ibi tí ọwọ́ lè nà dé. Títí di ìgbà náà, mo rò pé ojú ọba kàn ń ṣe bàìbàì ni.

“Mo wà níwájú yín, Kábíyèsí.”

“Èmi kò sọ pé ìwọ lo fọ́ mi lójú. Ọlọ́run ló ni ojú. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ọ́ sí mi létí láàárọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ nírọ̀lẹ́. Lọ fojú sí ẹṣin náà fún mi. Bí mo bá ríran, a ó dúpẹ́. Bí n kò bá ríran, wọn á jẹ́ kí n sinmi.”

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n wo abẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọba ère náà wò, bóyá òun náà kò lójú. Olórí ìjòyè dá a lóhùn wéré: “Ìwọ lo fẹ́ ṣí ojú ọba? Sún mọ́ ibí, kí n mọ ilé tí wọ́n bí ọ sí.” Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá bàbá mi mọ ojú sábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn tàbí kò mọ ọ́n.

Kí a tó dìde, olórí ìjòyè fi kún un pé bí Iléyá tó ń bọ̀ bá bá ẹṣin náà bẹ́ẹ̀, kí bàbá mi lọ wá ìlú tí kò lọ́ba.

Ààfáà àgbà tó wá ọ̀nà fún un ti kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó lọ kàwé ní Ìlọrin, ló gba ipò rẹ̀ ní mọ́sálásí àdúgbò wa. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ ní ọjọ́ orí. Ó wá sílé wa lẹ́yìn ìrun ìṣáì, ó jókòó lórí àga tí ìyá mi gbé fún un, ó sì ní kí ìyá mi má ṣe bu omi wá.

“Bàbá, ohun tí bàbá mi gbà yín láyè láti ṣe, èmi kì bá tí gbà. Àmọ́ ìyẹn ti kọjá. Èyí tí ààfin ní kí ẹ ṣe yìí ńkọ́?”

“Wọ́n ní kí n ṣe é tàbí kí n kúrò nílùú, Ààfáà.”

“Ilẹ̀ Ọlọ́run kò ha gbòòrò?”

“Ó gbòòrò fún ẹ̀yin tí ẹ lè fi kéú jẹun níbikíbi. Ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún bíríkìlà tí ìlú rẹ̀ lé jáde?”

Ìyá mi sọ̀rọ̀ láti ìdí ààrò. “Ààfáà, bí ọba bá ránṣẹ́ sí ẹ̀yin náà, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe dá a lóhùn?”

Ààfáà kò wo ibẹ̀. “Bàbá, bí ẹ bá fojú sí nǹkan yẹn, lọ́jọ́ tí ẹ bá kú, èmi kò ní ṣíwájú ìrun òkú yín. Mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni ládùúgbò yìí yóò ṣíwájú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó lọ.”

Mi ò gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo lọ sí Ṣakí nítorí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́, mo bi ààfáà àgbàlagbà kan níbẹ̀, ó sì sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ yòówù kí Mùsùlùmí ṣẹ̀, àwọn ará rẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè ìrun òkú. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wálé bí ẹni gbé oògùn. Bàbá mi gbọ́ mi tán, ó ní, “Ṣé ààfáà Ṣakí ni yóò wá sin mí?” Lẹ́yìn náà ló ní òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ tó wà ní Ṣakí kò tíì dé àdúgbò wa.

Ó ṣe é. Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, ó gbé àkàbà, símẹ́ǹtì, mábù àti ìdí ìgò dúdú méjì lọ sí ọgbà lọ́jọ́ ọjà. Èrò pé jọ. Mi ò rí i kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan rí láìkọ́kọ́ sọ pé bísímílà. Lójoojúmọ́ ni, ìbáà jẹ́ ògiri ilé adìẹ ni ó fẹ́ rẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo wo ẹnu rẹ̀. Kò mì.

Àwọn èèyàn ń ṣàwàdà nísàlẹ̀. “Bàbá Ìbejì, ẹ fi tìróò sí i o!” “Ẹ má jẹ́ kí ó tóbi jù, kí ó má baà máa wo ìyàwó mi!” Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà ní, “Ẹ̀yin tí ẹ lójú, kí lẹ ti fi rí?” Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti ìdí ìgò bọ inú símẹ́ǹtì tútù, tó sì sọ̀ kalẹ̀, tí oòrùn mú àwọn ìgò náà, ẹ̀rín parí. Ẹṣin náà ń wò wá. Mo mọ̀ pé símẹ́ǹtì àti ìgò ni, síbẹ̀ mo kúrò níwájú rẹ̀.

Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n jíṣẹ́ fún ọba, ó ní òun rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Mo rò pé àánú bàbá mi ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò ní ẹ̀rí. Mi ò nílò kí dókítà kankan sọ fún mi pé kò ríran. Ní Iléyá, ẹlòmíràn ló ń fa ìjánu ẹṣin rẹ̀, ọba sì ń gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sí gbogbo ibi tó bá ti gbọ́ ariwo. Àwọn tó ní kí bàbá mi fojú sí ẹṣin wá ń sọ pé ó ti pẹ́ jù, pé kí ló dé tó jẹ́ ojú dúdú ló fi sí i. Wọn kò jẹ́ kí ọba sinmi, wọn kò sì jẹ́ kí bàbá mi sinmi.

Àwọn ará mọ́sálásí kò bú u. Ohun tí wọ́n ṣe burú ju èébú. Nínú ìrun, èjìká máa ń kan èjìká ni, wọn kì í fi àyè sílẹ̀ nínú sàfù, ìlà tí wọ́n tò sí. Láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n fi pààlà fún àwa obìnrin, mo rí i pé àyè ẹnì kan máa ń ṣófo ní ọ̀tún bàbá mi, àyè ẹnì kan ní òsì rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣèèṣì ni. Mo wò ó lọ́jọ́ mìíràn, àti lọ́jọ́ mìíràn. Bó bá sún mọ́ ẹnì kan, onítọ̀hún á rọra sún. Nígbà tó yá, ó ń dúró ní ìparí sàfù tó kẹ́yìn, lára ògiri tí òun fúnra rẹ̀ rẹ́. Nígbà tó tún yá, ilé ló ti ń kírun.

Ọba wàjà láìpẹ́ sígbà náà. Ikọ́ sì ti dé sí bàbá mi láyà, ikọ́ àwọn tó ti fi imú gba símẹ́ǹtì fún ìgbà pípẹ́. Ó mọ̀ pé òun kò ní pẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ ni ìrun òkú rẹ̀. Ó ní kí n bá òun pe Ààfáà. Ọkùnrin náà wá, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá mi ní, “Mo fẹ́ túúbá, Ààfáà.”

“Ẹ fi ọwọ́ ara yín fọ́ ojú tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe. Bí ẹ bá ṣe é, èmi ni n ó ṣíwájú ìrun yín.”

Bàbá mi lọ sí ààfin, ó di ọ̀pá mú. Àwọn ìjòyè ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ère ọba tó wàjà nígbà tí ìtẹ́ ṣófo. Ó dúró. Ìtẹ́ ṣófo fún ìgbà pípẹ́, nítorí ìdílé méjì ló ń jà sí i. Ìdílé kejì ló borí, kì í ṣe ti ọba àná. Kí oyè tuntun tó jinná, àwọn èèyàn rẹ̀ ní àwọn fẹ́ fi ọgbà náà ṣe ibi ìdúró mọ́tò, wọ́n sì kó lébìrà wá pẹ̀lú òòlù ńlá. Ìdí tí wọ́n sọ nìyẹn. Èmi rò pé wọn kò fẹ́ máa wo ọba àwọn ẹlòmíràn lórí ẹṣin. Mọ́tò kankan kò tíì dúró sínú ọgbà náà títí di òní.

Nígbà tí bàbá mi dé ibẹ̀, ọba ère náà ti di àfọ́kù, ìlẹ̀kẹ̀ adé rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Orí ẹṣin náà já bọ́ lódindi. Ó bẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà náà ti bá a ṣiṣẹ́ rí, òun ló gbé orí náà sínú bárò tó sì tì í wá sílé wa.

Bàbá mi tẹ́ ẹní síwájú ilé, ó jókòó tì í, ó sì mú òòlù. Ó lù ú. Ìgò ojú ọ̀tún sán, ṣùgbọ́n símẹ́ǹtì tó yí i ká kò ṣe bí ẹni gbọ́. Mábù Ìgbẹ́tì ni. Òun fúnra rẹ̀ ló pò ó, nígbà tí ara rẹ̀ le, kí òjò àti oòrùn má baà lè ṣe é ní nǹkan kan. Á lù ú díẹ̀, á wúkọ́, á sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á dìde. Àwọn tó ń kọjá lọ ń dúró wò ó. Ẹnì kan ní, “Bàbá Ìbejì, kí ni ẹṣin náà ṣe fún yín?” Ó tún gbé òòlù sókè.

Àbúrò mi ti ti Ìbàdàn dé. Apá rẹ̀ le, lílù ẹ̀ẹ̀mejì ló máa fọ́ orí náà. Ó ní, “Bàbá, ẹ gbé òòlù yẹn fún mi.”

“Ṣé ìwọ lo mọ ọ́n?”

“Bàbá, ẹ ń pa ara yín.”

“Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀.”

Ó fọ́ ojú ọ̀tún tán. Ibi tí ojú wà di ihò gbágungbàgun. Ó yí orí náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń lu ti òsì lọ, ìgò rẹ̀ kò sì tíì sán nígbà tó kú. Òwúrọ̀ ni, lórí ẹní yẹn. Òòlù wà ní ẹ̀gbẹ́ ìtàn rẹ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ mọ̀, nítorí ìró òòlù dáwọ́ dúró, kò sì gbọ́ ikọ́.

A ránṣẹ́ sí Ààfáà. Kí ó tó dé, àwọn èèyàn ti wá, wọ́n dúró sí ìta, kò sí ẹni tó wọlé, kò sì sí ẹni tó lọ. Gbogbo wọn fẹ́ rí ohun tí yóò ṣe. Ó dé, ó kí ìyá mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú orí ẹṣin náà. Ó fi ìka kan ihò ojú ọ̀tún. Ó yí i padà, ó wo ti òsì, tó ń dán.

Ó bi àbúrò mi pé, “Òun ló fọ́ èyí?”

“Òun ni.”

“Ìwọ kò ràn án lọ́wọ́?”

“Ó kọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó ń pe orúkọ bàbá Ààfáà tó ti kú.  Ààfáà wo ojú òsì náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé orí ẹṣin náà jáde kúrò nínú agbo ilé, kí wọ́n sì gbé omi wá láti fi wẹ òkú.

Àwa obìnrin kì í bá wọn dé ojú sàréè, nítorí náà n kò sí níbẹ̀. Àbúrò mi sọ fún mi pé Ààfáà ló ṣíwájú ìrun náà, pé ó yára kí i, pé àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn kan nílùú ní ojú ọ̀tún ló mú un gbà. Àwọn kan ní ẹ̀bẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Mi ò bi Ààfáà rí, òun náà kò sì sọ ọ́. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n ti ibi ìsìnkú dé pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀, ìyá mi bu omi fún wọn, gbogbo wọn sì mu. Ààfáà gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lórí pèpéle láìfi kan ẹnu, ó sì lọ.